Ìsọ̀ Ramadan l'Ájàṣẹ́: ọjà mẹ́ta ló wà nínú oṣù kan yẹn

Ìyá Ìbejì kan láti Wàǹdó, l'Ájàṣẹ́ níbí, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ń ta ọṣẹ àti nǹkan díẹ̀ díẹ̀ nílé, òun ti kó 350 000 sẹ́fà jọ, òun sì fẹ́ ṣí ìsọ̀ kékeré kan fún ààwẹ̀ 2027 nìkan, tí ọdún bá ti kọjá òun á ká a. Ẹnì kan ti fi bùtíìkì kan lọ̀ ọ́ lẹ́bàá Mọ́sálásí Ńlá, ṣùgbọ́n oníyẹn ní kó san owó oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Ó wá ń bèèrè pé ṣé kóun san án, kí ni kóun máa tà, àti pé àbúrò ọkọ òun fẹ́ dá owó pọ̀ mọ́ òun, ṣé kóun gbà.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ bùtíìkì yẹn kúrò nílẹ̀ torí ìyẹn ò le rárá: ẹ má san án. Owó oṣù mẹ́fà lórí ọjà tí ò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, onílé lẹ ó kàn máa bá ṣiṣẹ́, á sì ti bù nínú owó yín gan-an kí ẹ tó ra páálí ṣúgà kan ṣoṣo. Tí ẹ bá sì wo àyíká Mọ́sálásí Ńlá yẹn dáadáa, èyí àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, kọ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn (àwọn àlejò ṣì máa ń dúró yà á ní fọ́tò, wọ́n á ní ṣé mọ́sálásí lèyí lóòótọ́), àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ní oníbàárà tiwọn, wọ́n mọ ẹni tó ń kó dàbínù wá fún wọn, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí owó ilé tún wà lọ́rùn yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ bá wọn du iye?

Ẹ dúró sí Wàǹdó yín jàre. Ibi tí èèyàn ń gbà kọjá láàárín Àsárì sí Màgàrìbà ni kí ẹ wá. Lóṣù kejì oòrùn máa ń wọ̀ níbí ní nǹkan bí aago méje, torí náà láti bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ni gbogbo abiyamọ ti ń ro ohun tó máa gbé síwájú àwọn ará ilé, ẹ jókòó síwájú mọ́sálásí àdúgbò yín lọ́jọ́ méjì mẹ́ta nírú wákàtí yẹn kí ẹ wo ẹsẹ̀ tó ń kọjá, ẹ wo apá tí wọ́n ń gbà bọ̀ àti apá tí wọ́n ń gbà lọ, torí ẹni tó ń sáré lọ kírun kì í dúró rajà, ẹni tó ń darí lọ sílé ló ń rà. Ẹ wá wo ta ló ní ìsọ̀ lápá yẹn tó máa ń tì í nírọ̀lẹ́, onífótòkópì, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, irú wọn, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ fún un ní nǹkan fún oṣù kan péré kó jẹ́ kí ẹ lo iwájú ẹ̀. Tábìlì méjì, báàṣì kan lókè, iná sólà kan tí ò ní kú tí kúráǹ bá lọ, ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ má na ẹsẹ̀ tábìlì dé ojú títì o. Ẹ ò tíì gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2017 nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ẹni tó gba ojú ọ̀nà kó kúrò, níbí, ní Kútọnu àti káàkiri, àtíbàbà tó wó lákòókò yẹn ò kéré, ẹni tó sì ní òun ti fún ẹnì kan lówó nínú àdúgbò ò rí nǹkan kan fi hàn. Ẹ lọ rí ṣẹ́ẹ̀fù kàtíyé, olórí àdúgbò yín, lóòótọ́ torí ọ̀wọ̀ ni, àmọ́ ẹ dé àróńdísímà, ọ́fíìsì ìjọba ẹkùn yín, kí wọ́n sọ fún yín bóyá ẹ níláti lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ohunkóhun tí ẹ bá san, ẹ gba rèsú (rìsíìtì) ẹ̀ kí ẹ sì gbé e sábẹ́ tábìlì. Ti owó orí ọjà, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò tó mílíọ̀nù 50 sẹ́fà, TPS, owó orí oníṣòwò kékeré, ni tiẹ̀, ẹ gba IFU, nọ́ńbà owó orí yín, tí ẹ ò bá tíì ní, yóò wúlò lẹ́yìn ààwẹ̀ náà.

Ó yá, ohun tí ẹ máa tà. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi: ìsọ̀ Ramadan kì í ṣe ọjà kan, ọjà mẹ́ta ni, wọ́n kàn jọ ń lo tábìlì kan náà ni. Ẹni tó bá kó gbogbo ẹrù ẹ̀ jọ lọ́jọ́ kìíní, tó ní òun á máa tà á bọ̀ títí dọjọ́ ọdún, òun lẹrù ń kù sí lọ́wọ́.

Ọjà àkọ́kọ́ kì í dúró de oṣù kó lé. Ní 2027 oṣù máa lé ní nǹkan bí ọjọ́ 7 oṣù kejì, kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 8, àmọ́ láti ìparí oṣù kìíní lowó ti ń jáde lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ń ra ṣúgà, mílíìkì agolo, tíì, òróró, ìrẹsì, àgbàdo ọ̀gì, ẹ̀wà àkàrà, dàbínù. Ọjọ́ kẹrin, ìkarùn-ún tí ààwẹ̀ wọlé, ó ti rọlẹ̀. Èrè orí ẹ̀ kéré, bí ẹ ṣe ń tà á kíákíá ni èrè náà wà, àti bí ẹ ṣe dì í. Ẹ má kó ara yín sínú ìjà ṣúgà onípáálí pẹ̀lú àwọn onísọ̀ọ̀bù ńlá, wọ́n máa bò yín mọ́lẹ̀. Àpò ààwẹ̀ ni kí ẹ dì: ṣúgà díẹ̀, mílíìkì méjì, tíì, dàbínù, kí ẹ so ó pọ̀ kó wuyì, kó wà ní oríṣi méjì, ti olówó tín-ń-tín àti ti ẹni tó rówó mú jáde, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá nǹkan tí wọ́n á gbé lọ fún ààfáà wọn, fún ìyá ọkọ, fún àgbà kan nínú agboolé, wọn ò sì ráyè máa kó o jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú àpò yẹn ni kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, kí zẹ́mì (ọlọ́kadà) gbé e lọ fún ẹni tó bá fi Mómó, owó orí fóònù, san.

Dàbínù, ẹ jẹ́ n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀ torí òun ló ń jẹ owó ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dáa tó ń ti Algeria àti Tunisia wá, páálí-páálí ni wọ́n ń tà á, Kútọnu ló sì máa ń gbà wọlé. Ẹ má sanwó páálí tí wọn ò ṣí. Ẹ tú u lójú ẹni tó ń tà á, ẹ mú ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe látòkè, ẹ là á sí méjì kí ẹ wo inú ẹ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Tí ara ẹ̀ bá ní nǹkan funfun tó ń dán tó sì le, ṣúgà ẹ̀ ló yọ síta, kò léwu, àmọ́ tí funfun yẹn bá rọ̀ bí òwú tó ń rùn bí ọtí, ẹ gbé e padà, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ má tà á ní ìwọ̀n nìkan, ẹ dì í ní mẹ́ta, ní márùn-ún, ní méje, torí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló fẹ́ràn láti fi iye tí kò ṣe é pín sí méjì ṣínu, ẹni tó ń kánjú lọ mọ́sálásí tó bá rí dídì mẹ́ta ní 100 sẹ́fà kò ní bèèrè iye kílò. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣírò wò ó: ká ní páálí kan jẹ́ 12 000, tí ẹ sì rí 450 èso nínú ẹ̀, ẹ yọ 30 sí apá kan fún èyí tó bà jẹ́ àti èyí tí àwọn ìbejì máa jẹ (wọ́n máa jẹ ẹ́), ó ku 420, ìyẹn dídì mẹ́ta-mẹ́ta 140, owó ẹ̀ 14 000. Ẹ rí i pé èrè ò pọ̀ bí ojú ṣe ń rí i? Ìdí nìyẹn tí ẹ fi níláti kà á kí ẹ tó fi iye lé e, iye páálí ti ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣe é.

Àgbàdo àti ẹ̀wà, tí ẹ bá ní èèyàn ní Kétu tàbí Pobè, ẹ jẹ́ kó bá yín rà á níbẹ̀ kó fi mọ́tò ránṣẹ́, ọwọ́ àgbẹ̀ ló ti ń bọ̀. Àlùbọ́sà lẹ ò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ti apá Niger jù, ọ̀nà Malanville ò rọrùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ látìgbà wàhálà 2023 tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Ti apá Nàìjíríà náà, mo mọ̀ pé Ìgólo ò jìnnà sí wa, ojú máa ń wọ nǹkan tó wà lọ́hùn-ún tí náírà bá já, ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú, ẹ fi owó mọ́tò àti ti dúwáàní (kọ́sítọ́ọ̀mù) lé e, kí ẹ sì rántí pé bọ́dà yẹn wà ní títì láti oṣù kẹjọ 2019 títí dé oṣù kejìlá 2020, gbogbo ààwẹ̀ 2020 ló kọjá nínú ìyẹn. Ohun tó wà ní òdìkejì bọ́dà kì í ṣe ẹrù yín títí tó fi dé orí tábìlì yín.

Ọjà kejì ni ti ojoojúmọ́, èyí tó ń rẹ èèyàn: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ọ̀gì gbígbóná, pásítẹ́kì, ọ̀pẹ̀yìnbó, bísápù tútù, yìnyín. Tí ẹ bá bi mí, ẹ̀yin tí ẹ ní ìbejì lọ́wọ́ tí ẹ tún ń gbààwẹ̀, ẹ má bá wọn dín àkàrà. Wákàtí kan ààbọ̀ ni gbogbo ọjà yẹn, ohun tó bá kù nígbà tí wọ́n pe ìrun ti di jíjẹ nìyẹn, ẹ ò lè tà á lọ́la. Ẹ wá ìyá alákàrà kan tọ́wọ́ ẹ̀ dáa, ẹ fún un láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín lọ́fẹ̀ẹ́, òun á kó èèyàn wá, bí wọ́n ṣe ń dúró de àkàrà gbígbóná lẹ ó máa ta dàbínù àti omi tútù fún wọn. Òun fúnra ẹ̀ á máa ra òróró lọ́wọ́ yín pẹ̀lú. Tí wọ́n bá ti pe Màgàrìbà kí ẹ fi nǹkan bo tábìlì, ẹ fi dàbínù tiyín ṣínu kí ẹ kírun, ẹni tó bá ń jà lórí 25 sẹ́fà lásìkò yẹn á padà wá.

Wákàtí tí ọ̀pọ̀ ò sì kà sí rèé o: lẹ́yìn àṣámù, ìrun alẹ́ inú ààwẹ̀. Àwọn èèyàn ń darí bọ̀ láti mọ́sálásí, ara ti balẹ̀, ikùn ti kún, wọ́n wá ń rántí pé wọn ò tíì ní nǹkan sààrì. Búrẹ́dì, ẹyin, sípàgẹ́tì, sàdíìnì, mílíìkì. Àwọn tó ṣí ní Wàǹdó lásìkò yẹn ò pọ̀ bíi ti ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin sì ti ní iná sólà. Kí ẹnì kan dúró tì yín lálẹ́ ṣá, kí ẹ má dá kó owó lọ sílé.

Ẹ kíyè sí nǹkan mìíràn: ní 2027, ọjọ́ 10 oṣù kejì ni àwọn Kátólíìkì máa fi eérú sórí bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tiwọn, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tiwa. Lóde Àjàṣẹ́ wa yìí tó jẹ́ pé bàbá ń kírun, ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jọ ń gbé ilé kan, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja gbígbẹ máa wá ẹni rà á lápá méjèèjì. Ẹ má kọ gbólóhùn Lárúbáwá kún iwájú tábìlì débi tí ẹnì kan á fi rò pé kò kan òun. Ẹni tó bá bá yín sọ Ogu, ẹ fi Ogu dá a lóhùn, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ ṣebí.

Ọjà kẹta ni ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn, ibẹ̀ lèrè wà, ibẹ̀ náà sì ni àdánù ńlá wà. Aṣọ ọmọdé, bàtà, fìlà, jàlàbíà, híjáàbù, tùràrí, lọ́fínńdà, làálì. Àṣìṣe tí mò ń rí lọ́dọọdún ni pé wọ́n á kó aṣọ tí wọn ò tíì rán wá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ta ló máa rán an? Tí ààwẹ̀ bá ti dé ìdajì, télọ̀ tó mọṣẹ́ ti ń lé èèyàn padà. Aṣọ gígé, inú ọjà àkọ́kọ́ ló wà, kí àwọn èèyàn lè gbé e fún télọ̀ ní kíá, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn jẹ́ ti èyí tí wọ́n ti rán. Àti nínú èyí tí wọ́n ti rán náà, ẹ fara mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá, torí òbí tí kò rówó ra tiẹ̀ á ra ti ọmọ, ọmọ tó bá sì ti tó ọdún mẹ́tàlá kò ní wọ ohun tí ẹ bá yàn fún un.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà owó oṣù. Ìparí oṣù kejì 2027 máa bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ ogún ààwẹ̀, ìyẹn ni pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ máa wọlé gẹ́lẹ́ bí ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, torí ààwẹ̀ ń fi bí ọjọ́ 10 tàbí 11 súnwájú lọ́dún kọ̀ọ̀kan tí owó oṣù ò sì sún, ọdún mìíràn ló jẹ́ pé lọ́jọ́ ọdún gan-an ni àpò àwọn èèyàn ṣófo. Torí náà ẹ ra ẹrù ọmọdé yín kí ààwẹ̀ tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, kí iye ẹ̀ tó gbéra, kí ẹ fi pamọ́, tí owó oṣù bá ti jáde kí ẹ gbé gbogbo ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà kó tó dìgbà yẹn, ẹ gbà á láyè kó máa san díẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni aṣọ wà títí tó fi san tán. Ìyẹn kì í ṣe àwìn. Àwìn gidi, ẹ má tà á rárá lẹ́yìn ọjọ́ ogún ààwẹ̀, torí ìsọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ká ni, ta lẹ máa dúró níbẹ̀ sin gbèsè lọ́wọ́ ẹ̀?

Èyí tó kẹ́yìn nínú ọjà kẹta ni jákà. Ó kù ọ̀la ọdún, gbogbo olórí ilé ló ń wá oúnjẹ mùdù mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nílé ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́wọ́ ẹ̀ kí wọ́n tó kírun ní yídì. Ilé ẹlẹ́ni méje, mùdù méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Ẹ ti wọn ìrẹsì àti àgbàdo sínú àpò kọ̀ọ̀kan ṣíwájú, àpò kan fún ẹnì kan, nǹkan bíi kílò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé igbá tí ẹ fi wọ̀n ọ́n lọ bá lèmọ́mù yín kó rí i, torí mùdù inú ọjà tóbi ju mùdù tí sunna ń sọ lọ, ẹ ò ní fẹ́ kí ẹnì kan pariwo lé yín lórí lójú gbogbo èèyàn. Ó lè jẹ́ ọjọ́ 29, ó lè jẹ́ 30, ìgbà tí Union Islamique du Bénin bá kéde ni, nítorí náà ẹ ti múra sílẹ̀ láti ọjọ́ 28. Lẹ́dà dúdú tí ẹ máa ń lò, òfin tó jáde nípàrí 2017 ti fòfin dè é, ẹ ra àpò aṣọ tàbí ti bébà, kí ẹ kà á mọ́ owó ọjà.

Báyìí ni màá pín 350 000 yẹn tó bá jẹ́ tèmi: 40 000 fún tábìlì, báàṣì, iná, àyè àti ìwé. 150 000 fún ọjà àkọ́kọ́. 130 000 fún ọjà kẹta, kí ẹ gbé e fún ẹni tí ò ní fún yín tí ẹ bá bẹ̀ ẹ́. 30 000 tó kù, ẹ má fọwọ́ kàn án, àfi tí ọmọ bá ń ṣàìsàn. Ọjà kejì ò ní owó tiẹ̀, inú owó tí ọjà àkọ́kọ́ bá pa lẹ ó ti máa bù ú. Ẹ má yá owó elélé lé e lórí. Mònéè ńkọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó wẹ́wẹ́ jọ láti ìsinsìnyí, 25, 50, 100, oníbàárà tó bá mú 5 000 wá ra dàbínù 100 bí wọ́n ṣe ń pe ìrun, ẹ ò ní ráyè wá ṣénjì káàkiri.

Tí nǹkan bá kù lẹ́yìn ọdún, Iléyá máa wà láàárín oṣù karùn-ún, bíi àádọ́rin ọjọ́ sígbà yẹn, torí náà ẹní ìkírun, tẹ̀sùbáà, fìlà àti jàlàbíà ò ní ṣòfò. Ohun tí wọ́n bá kọ Ramadan sí lára ni kí ẹ má rà rárá, lọ́jọ́ kejì ọdún ó ti di ẹrù inú àjà.

Ó ku ti àbúrò ọkọ yín. Ẹ má da owó pọ̀. Kì í ṣe pé mo fura sí i, ẹ̀yin méjèèjì máa wà nínú ẹbí kan náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ká báàṣì tán, owó tí a dà pọ̀ nínú ẹbí kì í ní ìṣirò. Ẹ fún un ní ọjà kẹta tàbí apá kan nínú ẹ̀, kó fi owó ara ẹ̀ ra bàtà ọmọdé, kó gbé e sórí tábìlì kejì, èrè tiẹ̀, àdánù tiẹ̀, kó san ìdá kan nínú owó àyè, kó sì máa dúró ti ìsọ̀ lálẹ́ lẹ́yìn àṣámù nígbà tí ẹ̀yin bá ń tẹ́ àwọn ìbejì sùn. Ẹ sọ ọ́ lójú ọkọ yín, kí ẹ kọ iye bàtà tó kó wá sínú ìwé lọ́jọ́ tó bá gbé e dé.